Èsì: "Odun Eegun" kọ́ ni Día de Muertos

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹnì kan túmọ̀ Día de Muertos, ọdún tí àwọn ará Mẹ́síkò fi ń rántí òkú wọn, sí "Odun Eegun" lánàá, kò fi àmì kankan sí i. Ṣé eegun tí ajá ń rún ni ká kà ni, àbí eégún tó ń jó? Ní Pomuch, ní ìpínlẹ̀ Campeche, eegun gan-an ni: wọ́n á gbé eegun èèyàn wọn jáde nínú àpótí, wọ́n á nù ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ń sọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n eégún lẹ ní lọ́kàn, ibẹ̀ la ò ti ní gbọ́ra wa yé.

Agọ̀ ló ń sọ eégún di eégún. A kì í rí ojú ẹ̀, a kì í dárúkọ ẹni tó gbé e. Tiwọn ń kọ́? Fọ́tò olóògbé ni wọ́n ń gbé síwájú kí gbogbo ilé rí ojú rẹ̀. Wọ́n á da òdòdó cempasúchil láti ẹnu ọ̀nà wọlé kó má bàa ṣìnà, wọ́n á bu omi kalẹ̀ nítorí òùngbẹ ìrìn, pẹ̀lú iyọ̀, àbẹ́là àti búrẹ́dì. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni tàwọn ọmọdé, ọjọ́ 2 ni tàwọn àgbà. Àfi Xantolo, bí wọ́n ṣe ń pe ọdún yìí ní Huasteca, agbègbè kan ní Mẹ́síkò níbi tí wọ́n ti ń fi ìbòjú jó, ni mo lè yọ̀ǹda fún yín.

Òótọ́ ni pé àwọn Lùkùmí ní Kúbà, tí ìsìn wọn ti ọ̀dọ̀ Yorùbá wá, ń pe òkú ní egun. Èdè Sípáníìṣì ti gba ohùn lẹ́nu wọn. Ẹ má tìtorí ìyẹn ba tiwa jẹ́.

Ọdún Òkú Ọ̀run ni mo fi lélẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi, lójú oórì ìyá rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi tútù ló máa ń kọ́kọ́ ta sílẹ̀, á wá máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ̀yin òkú ọ̀run, ẹ wá mumi." N kò gbọ́ "eégún" lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ofrenda, ìyẹn fọ́tò, omi àti oúnjẹ tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀ de òkú, tí ẹ pè ní "pẹpẹ ẹbọ" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń wá nǹkan ló ń rúbọ. Àpèjẹ lèyí, pè àti jẹ: wọ́n pe òkú, ó wá jẹun. Ẹ̀gbọ́n tó ní àpèjẹ kò yẹ òkú nítorí ariwo inú rẹ̀, ẹ má bínú sí mi, sà: nínú pè ni ariwo ọ̀hún wà ni, àbí nínú jẹ?