Ìdáhùn lórí "ìjòmi": ibi tí omi ti yọ kọ́ ló gbà wọlé

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀rinrin.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí ìbéèrè tí àbúrò wa obìnrin gbé wá. Fún ẹni tí kò bá a láti ìbẹ̀rẹ̀: ó ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí omi òjò ń gbà wọ inú ọkọ̀. Ó ní kí a bá òun wá orúkọ tí òun máa fi pè é. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yọ́ fún un ní "ìjòmi". Ìyá wa olùkọ́ ní "orísun omi" ló bójú mu jù. Ẹnì kan ní kí a má da ara wa láàmú, kó kọ "líìkéèjì" kó máa lọ.

Ọkàn mi ì bá fẹ́ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, torí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń wá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣe àfi téèyàn bá ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ojú ibi tí omi gbà wọlé, ọ̀nà tó tọ̀, àti ibi tó ti yọ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "ìjòmi", ibi tó bá ti rí omi ni yóò máa lẹ gọ́ọ̀mù mọ́, ọkọ̀ á sì tún padà wá lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mẹkáníìkì kan lọ́nà Tákíè láìpẹ́ yìí nígbà tí ọkùnrin kan wa tòkunbọ̀ rẹ̀ dé. Ó ní gíláàsì iwájú ń jò, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tuntun lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo gíláàsì. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ ẹni tó máa ń jókòó ti dírẹ́bà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀, omi ń yọ láàárín ìka rẹ̀, òórùn aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ láìgbẹ sì gba inú ọkọ̀ kan. Ó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú rọ́bà gbọọrọ tó wà lábẹ́ wáípà, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé máńgòrò jáde: èyí tó gbẹ wà lókè, èyí tó ti jẹrà di ẹrẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀, ewé dóńgóyárò wẹ́wẹ́ sì há sáàárín wọn. (Ní ìlú tiwa, ẹ ò lè wá ibòji gbé ọkọ̀ sí kẹ́ ẹ má bọ́ sábẹ́ máńgòrò.) Ó bu omi abọ́ kan dà síbẹ̀ ká lè rí i. Omi ò lọ. Ó fi wáyà tín-ín-rín gún ihò kékeré tó wà ní igun, omi bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn táyà iwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí ohun tó wá sọ fún ọkùnrin yẹn ni mo ṣe ń kọ èsì yìí: "Kò jò o, ọ̀gá mi. Ó kún wọlé ni."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí nǹkan tó ya, kò sí nǹkan tó lu. Abẹ́ wáípà yẹn ni ọkọ̀ ti ń gba atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ sí wa lára, àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò síbẹ̀. Omi òjò náà ní ihò tirẹ̀ tó yẹ kó gbà jáde. Nígbà tí ewé dí ti omi, omi gòkè títí ó fi bá ti atẹ́gùn. Bí a bá ní ọkọ̀ yẹn "ń jò", irọ́ la pa mọ́ ọn.

Nínú Yorùbá tí mo gbọ́ dàgbà, ohun tó yẹ kó gba omi dúró tí kò gbà á dúró ló ń jò. Garawa ń jò. Páànù ń jò. Agbè tó bá fọ́ ń jò. Ẹni tó bá ní nǹkan ń jò ti sọ pé ó lábùkù, ó sì ti sọ oògùn rẹ̀ mọ́ ọn: wá ihò yẹn, dí i. Nínú ọkọ̀, nígbà púpọ̀, ihò tó dí ni àìsàn, ṣíṣí i sì ni oògùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè rán ọmọ iṣẹ́ lọ síbi tí kò yẹ.

Ti ilẹ̀kùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí òjò bá ń rọ̀, omi ń gba ojú tí gíláàsì ń bá sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọkọ̀ tuntun àti ògbólógbòó ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ihò wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi yóò gbà dà sílẹ̀, láílọ́ọ̀nù sì wà lẹ́yìn awọ inú ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kó kán sínú ọkọ̀. Ẹni tó wá tún sípíkà ṣe ya láílọ́ọ̀nù yìí, kò lẹ̀ ẹ́ padà, ó da awọ bò ó, ó gbowó rẹ̀. Òjò dé, ẹsẹ̀ dírẹ́bà ń tutù, wọ́n ní rọ́bà etí ilẹ̀kùn ló ti gbó. Wọ́n ra rọ́bà tuntun. Ẹsẹ̀ ṣì ń tutù. Ẹ̀gbọ́n, ṣé "ìjòmi" ni a máa pe omi tó gba ojú gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, èyí tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àbí èyí tó kán sílẹ̀ nítorí láílọ́ọ̀nù ti ya? Tí orúkọ kan bá gba méjèèjì, kò tíì wúlò fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Mo rò pé ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a ń fojú garawa wo ọkọ̀. Agboolé àtijọ́ ló yẹ ká fi wò ó. Àwọn tó kọ́ àkòdì ò bá òjò jà. Wọ́n dagun òrùlé kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ lè dà sí àárín agbo, wọ́n gbé ìkòkò sí i, wọ́n la ojú ọ̀nà fún àṣẹ́kù kó jáde lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ kan yá: abẹ́ wáípà yẹn, tí gbogbo omi orí gíláàsì ń dà sí, kí ló dé tí a ò ní pè é ní ojú ọ̀ṣọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì kan tí mo sọ ọ́ fún ò béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ mi. Ihò tí omi ń gbà jáde, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ gọ́tà bí wọ́n ṣe ń pè é. Gọ́tà ti di tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n fi gírámà díẹ̀ kún un, ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ má bínú. Ká tiẹ̀ gbà pé "jò" lè gba àbọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni. Tí irú rẹ̀ bá ti pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn àárín ló ń bọ́ sí: rà, ó ra bàtà, wẹ̀, ó wẹ ọmọ. Nítorí náà, "ìjomi" ni ì bá jẹ́, kì í ṣe "ìjòmi". Ẹni tó bá sì rí "ìjomi" lójú ìwé láìsí àmì ohùn lè rò pé ijó inú omi ni.

Ìyá wa olùkọ́, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ìjà tí mo bá "orísun" jà ò pọ̀. Ìsun ni omi tó ń ti inú ilẹ̀ yọ fúnra rẹ̀, orísun odò ni ibi tí odò ti bẹ̀rẹ̀. Omi òjò ò bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú ọ̀run ló ti wá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ní àyè kan tí kò sí òmíràn tó lè rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo rẹ̀: omi wo ni? Nítorí kì í ṣe gbogbo omi inú ọkọ̀ ni òjò. Tí kápẹ́ẹ̀tì bá ń rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò ò rọ̀ rárá, tó sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá tan ẹ́síì ló ń rin, páìpù tí ẹ́síì fi ń da omi sílẹ̀ ló dí. (Ẹ̀rọ amúlétutù la ń pè é nínú ìwé. Ilé wo ló ń mú tutù nínú mọ́tò?) Tí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń rùn bí ohun dídùn, tí gíláàsì iwájú sì ń ní ọ̀rá lára láti inú, ti rédíétọ̀ ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ọkọ̀ gbóná lábẹ́ dásíbọ́ọ̀dù ló lu. Omi òjò, omi ẹ́síì, omi rédíétọ̀: orísun mẹ́ta nìyẹn, ẹ jẹ́ kí orísun dúró síbẹ̀.

Líìkéèjì? Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ kan tó ń sọ Yorùbá. "Omi ń wọ̀ ọ́" ni wọ́n máa ń wí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ò bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń lò ó kọ́kọ́ wà. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó kí "tòkunbọ̀" tó jáde, àwọn tó ń ta ọkọ̀ àtàwọn tó ń rà á ló ń sọ ọ́ títí gbogbo wa fi gbà á.

Ó wá ku ọ̀nà tí omi ń tọ̀, níbi tí iṣẹ́ wà gan-an. Omi kì í sábà kán sí abẹ́ ibi tó gbà wọlé. Ọkọ̀ tó ní sọ́nrúùfù, gíláàsì tó ń ṣí lórí òrùlé, sábà máa ń ní páìpù tín-ín-rín ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń gba inú òpó ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Tí ọ̀kan bá dí tàbí tó yọ, omi lè gba inú òpó dé ẹsẹ̀ èrò, kí òrùlé má tutù rárá. Rọ́bà ìdí ẹ́ríà (irin tí rédíò ọkọ̀ fi ń gbọ́ ìròyìn) tàbí ti iná ẹ̀yìn bá gbó, inú ihò táyà sípíà nínú búùtù lẹ máa bá omi. Omi a tún máa bá wáyà rìn. Bẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ sórí òkè, ibi tó ti yọ lánàá lè yàtọ̀ sí ti òní.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ìwé yìí nílò jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe, èmi sì rò pé ó ti wà lẹ́nu wa: tọpasẹ̀. Omi ń fi ipa sílẹ̀: ìlà pupa lára fóòmù, irin tó dógùn-ún níbi kan ṣoṣo, eruku tó dì mọ́ra. Àwọn ọ̀gá ń gbẹ ọkọ̀ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ tàbí wọ́n ń wọ́n pọ́dà sí oríkèé ibi tí wọ́n fura sí, kí omi lè fa ìlà fún wọn. Ẹnì kan á jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹnì kejì á di họ́ọ̀sì mú lóde, á jẹ́ kí omi máa ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á sì dúró díẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò. Tí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tutù pọ̀, ẹ ò ní mọ èwo lèwo. Ẹ má sì lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀, agbára rẹ̀ á gba ibi tí òjò kò lè gbà.

Àbá mi fún àbúrò wa rèé. Kí orí ìwé náà jẹ́ "Títọpasẹ̀ omi òjò nínú ọkọ̀". Kí ibi tí omi gbà wọlé jẹ́ "ojú àbáwọlé", kí ibi tó ti hàn jẹ́ "ibi ìyọjú". Kó má lo "àbájáde" fún un o, ẹni tó ń kà á á rò pé èsì ìdánwò ni. "Jò" kò gbọdọ̀ kúrò nínú ìwé, kó kàn wà fún rọ́bà tó gbó, gíláàsì tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ṣí, irin tó lu. Níbi tí gọ́tà ti dí, kó kọ "kún wọlé" bí ọ̀gá yẹn ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan wà lọ́rùn yín: ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Ọ̀yọ́, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pe abẹ́ wáípà yẹn, níbi tí omi orí gíláàsì ń dà sí. "Abẹ́ wáípà" ni tiwa níbí. Tí tiwọn bá dára ju "ojú ọ̀ṣọ̀rọ̀" mi lọ, kí ó gba ipò rẹ̀ kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.