Èsì lórí "olùwọkàn": ẹ má fi orúkọ yìí lé wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe àwọn tó ka saikọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa inú àti ìwà ẹ̀dá, tí wọ́n sì ń gba ọmọ ìjọ nímọ̀ràn ní "olùwọkàn". Wọ́n ní olù ni, wò ni, ọkàn ni, ìpajẹ ló dé bá fáwẹ̀lì, ìyẹn ni pé fáwẹ̀lì kan já sílẹ̀ níbi tí méjì ti pàdé. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọ̀rọ̀ náà sókè kẹ́ ẹ fetí sí i: ẹni tó ń wọ ọkàn lẹ máa gbọ́, kì í ṣe ẹni tó ń wò ó. Ní ìjọ tiwa ẹ̀mí àìmọ́ là ń sọ pé ó wọ èèyàn, ńṣe la sì ń lé e jáde! Ẹ wá lọ bá ìyá tí oyún bàjẹ́ lára ọmọ rẹ̀, tí ọmọ ò rí oorun sùn mọ́, kẹ́ ẹ ní olùwọkàn ń bọ̀ wá kí i.

Ọkàn yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Àwọn Àjàyí Crowther tí Bíbélì wọn parí ní 1884 ò da nǹkan pọ̀. Ẹ ṣí Lúùkù 10:27, àyà wà lọ́tọ̀, ọkàn lọ́tọ̀, agbára lọ́tọ̀, inú lọ́tọ̀. Inú àti ìwà ni saikọ́lọ́jì ń yẹ̀ wò, ẹ wá gbé ọkàn lé e lọ́wọ́, ẹ ti dá ẹjọ́ tí ìjọ ò tíì dá tán, bóyá ọkàn wà lábẹ́ saikọ́lọ́jì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Jay Adams, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1970 pé kí àwọn pásítọ̀ yé sá tọ Freud àti Rogers, àwọn àgbà nínú ìmọ̀ inú ẹ̀dá, lọ, Bíbélì tó wọn, Róòmù 15:14 ló sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ìrònúpìwàdà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Àmọ́ òun náà gbà pé tó bá jẹ́ àìsàn ara, dókítà ni kó wò ó, apá ibẹ̀ yẹn làwọn tiwa ń fò, tí wọ́n á fi ààwẹ̀ dá ẹni tó yẹ kó wà nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò dúró. Nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì ò kọ́kọ́ wàásù fún un, àkàrà orí ẹyín iná àti omi ló gbé fún un, ó jẹ, ó mu, ó sùn, ó tún jẹ. Hórébù ni Ọ̀rọ̀ ti wá dé.

Bàbá mi àgbà, kátíkísì ni wọ́n, wọn ò mọ saikọ́lọ́jì. Tí tọkọtaya bá jà dé ọ̀dọ̀ wọn, oníkálukú á sọ tẹnu rẹ̀ tán, wọn ò ní já lù ú, kí wọ́n tó nawọ́ sí Bíbélì. Agbaninímọ̀ràn là ń pe irú wọn, kò sẹ́ni tó bèèrè ìtumọ̀.

Ẹni tó ní ká lo "olùdámọ̀ràn", Aísáyà 9:6 ti fún Jésù. Tẹ́ ẹ bá lórúkọ fún saikọ́lọ́jì tí ò ní ọkàn nínú, ẹ mú un wá. Kó tó dìgbà náà, saikọ́lọ́jì ni n ó máa kọ.