Kí ni kí a ṣe kí owó àti oògùn má máa ṣòfò ní ilé ìlera wọ́ọ̀dù wa?

Ọmọ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, Ọ̀ṣun
Mo kí gbogbo ilé. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà máa ya ohun tí kò dín ní ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń dé ilé ìlera tí a ń bójú tó. Síbẹ̀, nígbà tí a ka oògùn lóṣù tó kọjá, páálí 3 oògùn ibà tí ọjọ́ wọn ti kọjá ni a bá lẹ́yìn àpò ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n ti ń dá àwọn ìyá ọlọ́mọ padà pé oògùn ibà ti tán. Ó dùn mí dé akínyẹmí ara. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Ìbàdàn
Ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Inú yàrá oògùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ni kó wà níwájú, ìbáà jẹ́ òun ni ẹ rà kẹ́yìn. Ní tiwa, a fi máákà kọ oṣù àti ọdún gàdàgbà sára páálí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì mú oògùn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú káàdì kó tó jáde.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ àjẹsára náà. Ìgò BCG, àjẹsára tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, kan lè tó ọmọ tuntun 20, ṣùgbọ́n tí a bá ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ kí a tó da ìyókù nù. A kì í tìtorí èyí lé ọmọ kan ṣoṣo padà. Ìkéde ni a fi ń kó àwọn ìyá jọ sí ọjọ́ kan, ìgò tí à ń dànù sì ti dín kù púpọ̀.

Apòògùn, Abẹ́òkúta
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, àmọ́ ẹ ṣọ́ owó oògùn gan-an. Láti ìgbà ìpàdé tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà ṣe ní Bamako, ní Málì, lọ́dún 1987 ni a ti mọ̀ pé owó tí a bá pa lórí oògùn, oògùn ni kó padà rà. Bí ẹ bá fi ra epo jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹpẹ yóò ṣófo. Ẹ sì máa fi orúkọ oògùn fúnra rẹ̀ rà á, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un láti fi tà á.

Òṣìṣẹ́ ìlera, Lọ́ńdọ̀nù
Ní ọdún 2016, ìròyìn Lord Carter, ẹni tí ìjọba ní kó yẹ ìnáwó ilé ìwòsàn wò, fi hàn pé iye tí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ra ohun kan náà yàtọ̀ síra. Ẹ béèrè iye tí àwọn wọ́ọ̀dù tó yí yín ká ń ra ìbọ̀wọ́ àti òwú.

Ọmọ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, Ọ̀ṣun
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, a ó kó àpò ọṣẹ kúrò nínú yàrá oògùn, a ó sì ra máákà.