Báwo ni mo ṣe lè ya àjèjì ní fọ́tò lójú pópó kí ojú wọn má yí padà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá rìnrìn àjò, àwọn èèyàn lójú pópó ló máa ń wù mí yà jù, bí wọ́n ṣe wà gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú, ojú wọn á yí padà. Lánàá, bàbá àgbà kan ń so okùn bàtà ọmọdé kan, ó fi eyín di etí okùn kan mú. Kí n tó yà á, ó ti gbójú sókè, ó sì dìde. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo ti lo lẹ́ǹsì 200mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, láti òkèèrè. Ńṣe ló dà bíi pé mò ń ṣọ́ wọn. Mo bọ́ sí lẹ́ǹsì 35mm, èyí tó ń gba àyè tó fẹ̀, ní f/8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó) àti 1/250 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ń ṣí), mo ń yà láti àyà láìgbé kámẹ́rà sójú: orí èèyàn ń gé kúrò nínú fọ́tò. Mo tọrọ àyè ṣáájú: gbogbo wọn nàró gbọnrangandan.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ṣé ẹ máa ń yà kí ẹ tó tọrọ àyè ni? Tí ẹni náà bá sì kọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yà á, tí ẹ ò sì gbọ́ èdè rẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe?