Ìbọn ológun àtijọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọta wo ni kí n rà sí i?

Ọmọ Ìpẹru, Winnipeg

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ mi ò jẹ mọ́ ìwé ìgbélùú àbí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹlúbọ́ lónìí. Bàbá òyìnbó tí a jọ máa ń dọdẹ àgbọ̀nrín ti darúgbó, ló bá ta ráífù rẹ̀ fún mi, Lee-Enfield No. 4, ti àwọn ṣọ́jà láyé ogun Hitler, Long Branch 1943 ni wọ́n kọ sí i lára. PAL mi, láísẹ́ǹsì ìbọn ti Kánádà, wà nílẹ̀, ìwé pé. Bàbá wá fi páálí ọta àtijọ́ kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ara páálí yẹn ti parẹ́ tán. Mo tún rí àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ọta ológun lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n kàn máa yìn ín lọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má bínú sí mi, ọmọ Rẹ́mọ ni mí, ohun ọ̀fẹ́ máa ń dùn mọ́ mi.

Bọ̀dá Texas, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Àbúrò, kú oríire. Ṣùgbọ́n má yìn ín o. Gbé ọta ọ̀fẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ohun tó ń kó bá àwa tí a dàgbà nílé ni pé ṣakabùlà ni ìbọn tí a mọ̀. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i, á fojú wọ̀n ọ́n, á ki àkísà àti ọta tẹ̀ lé e, ó parí. Lọ́jọ́ Ọ̀júde Ọba ṣebí ẹ máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún lákọ-lákọ tí àwọn ìdílé Balógun bá gẹṣin dé. Ìbọn ológun ò mọ fífojúwọ̀n rárá. Pé kátíríjì (ìkarahun, ẹ̀tù àti ọta lápapọ̀) wọlé, pé bóòtù (irin tó ń ti ẹ̀yìn ìbọn) sì tì, ìyẹn ò sọ pé òun ni wọ́n ṣe ìbọn yẹn fún.

Wo kátíríjì Mauser ti Jámánì tí wọ́n ń pè ní 8 mm. Ìdí rẹ̀ àti ìdí .30-06 ti Amẹ́ríkà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, ìkarahun ti Jámánì ló tiẹ̀ kúrú jù, 57 mm sí 63. Torí náà ó lè wọnú ìbọn .30-06, kí bóòtù sì tì lé e lórí. Àmọ́ ọta ẹnu rẹ̀ sanra tó .323 íǹṣì, ti .30-06 ò ju .308 lọ. O fa tírígà báyìí, ọta ò rí ọ̀nà gbà, gbogbo agbára ẹ̀tù á padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn yẹn sì lojú ẹ wà.

Àwọn Jámánì tiẹ̀ tún dá kún ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1888, ọta .318 ló ń jẹ, nígbà tó di 1905 wọ́n bọ́ sí .323, wọ́n tún àwọn kan lára ìbọn àtijọ́ yẹn ṣe kó lè jẹ ọta tuntun, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí táwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ń dín ẹ̀tù kù nínú 8 mm tiwọn, agbára rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 35,000 psi (òṣùwọ̀n ipá ẹ̀tù nínú ìbọn), nígbà tí òfin Yúróòpù gbà á láyè dé ibi tó lé ní 56,000. Orúkọ kan náà lára páálí o! Mo ní Mauser kan nílé, nọ́ńbà 7.62 ni wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára, torí àwọn ológun Ísírẹ́lì ló yí i padà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá rí àmì Jámánì lórí rẹ̀ á ní kí n lọ ra 8 mm sí i.

Nítorí náà irin ni kó o kọ́kọ́ kà, kó o tó ka owó. Ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bárẹ́ẹ̀lì, ka ìdí kátíríjì, tí àwọn méjèèjì ò bá sọ ohun kan náà, má fi sí i. Síbẹ̀ náà ohun tí wọ́n kọ sára irin lè jẹ́ ti àná, ẹnì kan lè ti gbẹ́ ihò tí kátíríjì ń jókòó sí lẹ́yìn ogun láìkọ nǹkan kan. Gbé e lọ bá gunsmith, alágbẹ̀dẹ ìbọn, kó wọn inú rẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru, Winnipeg

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó, .303 ni. Ìdí ọta ọ̀fẹ́ yẹn, wọ́n kọ VII sí i, pẹ̀lú 42.

Àǹtí Leicester, ọmọ Ṣàgámù

Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí .303 la ń yìn jù ní kílọ́ọ̀bù wa níbí. VII yẹn ni Mark VII, ọta 174 grain (òṣùwọ̀n ìwúwo ọta) tí àwọn ológun Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1910, òun náà ni àwọn bàbá wa tó lọ Bọ́mà fi jagun. Tí kò bá sí Z lẹ́yìn VII, cordite ni ẹ̀tù inú rẹ̀, Z ló ń sọ pé ẹ̀tù nitrocellulose ni. Ọta 1942 nìyẹn o, ẹni tó mọ ibi tó sùn sí látìgbà yẹn ò sí, bóyá nínú gáréèjì tó ń gbóná tó ń tutù. Òmíràn á dún, òmíràn ò ní dún, òmíràn á sùn díẹ̀ kó tó dún. Èyí tó ń sùn yẹn lẹ̀rù ń bà mí jù. Tó o bá fa tírígà tí kò dún, má ṣí bóòtù, jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tó ò ń yìn sí, kó o dúró ó kéré tán ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Tó bá sì dún ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò lágbára, dá a dúró pátápátá, tú bóòtù jáde kó o wo inú bárẹ́ẹ̀lì, ọta lè há síbẹ̀, èkejì tó bá tẹ̀ lé e ló ń fọ́ ìbọn.

Pírámà ayé ìgbà yẹn, ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù, tún ní potassium chlorate nínú. Tó bá jó tán iyọ̀ ló ń fi sílẹ̀, iyọ̀ yẹn á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bárẹ́ẹ̀lì á sì dípẹtà kíá. Ọ́ìlì lásán ò lè fọ iyọ̀ kúrò, omi ló ń fọ̀ ọ́. Àwọn bàbá kílọ́ọ̀bù wa, omi gbígbóná pẹ̀lú àrọ ni tiwọn, wọ́n á dà á gba inú bárẹ́ẹ̀lì, wọ́n á nù ún gbẹ, kó tó wá kan ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ọta ológun olówó pọ́ọ́kú yẹn ló rí báyìí, owó tó o rò pé o fi pamọ́, bárẹ́ẹ̀lì á gbà á padà.

Ra .303 tuntun, ti ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọta ọdẹ, 174 tàbí 180 grain, tí wọ́n kọ .303 British gbangba sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Wá lẹ́tà DP lára ìbọn náà. Tó bá wà níbẹ̀, ìbọn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ṣọ́jà ní ìdúró ni, kì í ṣe èyí tí à ń yìn.

Bọ̀dá Texas, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Kò sí DP àbí? Ó dáa. Wo nọ́ńbà tó wà lára bóòtù àti èyí tó wà lára ìbọn, ṣé wọ́n bára mu? Tí wọn ò bá bára mu, bóòtù ìbọn mìíràn lè ni, àyè inú rẹ̀ lè má ṣe déédéé. Àyè tó wà láàárín ojú bóòtù àti ibi tó ń dá kátíríjì dúró nínú ìbọn ni wọ́n ń pè ní headspace, tí àyè yẹn bá pọ̀ jù ìkarahun á máa nà títí á fi já. Orí bóòtù No. 4 ṣeé pààrọ̀, wọ́n ṣe é láti 0 dé 3, nọ́ńbà ńlá ló gùn jù. Tó o bá yìn ín tán, wo ìkarahun náà, tó o bá rí ìlà kan tó ń dán yí i ká lókè ìdí rẹ̀, ó ti ń mú já nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Maryland

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní M1 Garand, ráífù ológun Amẹ́ríkà, náà, ẹ má ki ọta ọdẹ .30-06 tó bá ṣáà ti wà bọ̀ ọ́ o. Wọ́n gba ìbọn yẹn wọlé ní 1936, ọta bíi 150 grain ni wọ́n sì ń fún un lójú ogun. Ọta tó wúwo, tí ẹ̀tù rẹ̀ ń jó pẹ́, máa ń tẹ irin tó ń gbé bóòtù padà. CMP tó ń ta á fún aráàlú ní kí ó má kọjá 172 sí 174 grain, kí agbára má sì kọjá 50,000 CUP (òṣùwọ̀n ipá mìíràn). Àwọn náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má yin Springfield 1903 tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000, àti èyí tí ilé iṣẹ́ Rock Island ṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 285,507, torí wọ́n dáná sun irin wọn jù, ó lè fọ́ bí àwo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà ìwé àbí físà iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ńbí, ẹ ò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta, àfi tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú ohun tí òfin yọ sílẹ̀, bí i láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì wà láàyè. Ti green card yàtọ̀. Ẹ tún tú báàgì yín wò dáadáa tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá, kátíríjì kan ṣoṣo tó sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ báàgì lè sọ ọdún di àtìmọ́lé.

Ọmọ Ìpẹru, Winnipeg

Ẹ kú làálàá o. Nọ́ńbà bóòtù ò bára mu lóòótọ́! Mo gbé e lọ bá gunsmith, ó ní headspace ti pọ̀ jù, orí bóòtù 1 ló wà níbẹ̀, ó fẹ́ fi 2 dán an wò. Ọta ọ̀fẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí. Mo ti ra páálí .303 tuntun náà, ẹ má bi mí ní iye rẹ̀.

Àǹtí Leicester, ọmọ Ṣàgámù

Kú ìnáwó, ọmọ Rẹ́mọ. Tó bá dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o kọ́kọ́ máa fi sí i, má tíì kún mágásíìnì, kó o sì ra gíláàsì ojú pẹ̀lú ohun ìdí etí.