Káàdì kámúṣáàfù sọ 106, àwo mi ka 110: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Houston ni mò ń gbé, ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350 kan tí mo tú palẹ̀ ni mò ń tò padà, mo sì ra kámúṣáàfù tuntun (irin tí ń yí láti ṣí fáàfù) sí i. Káàdì rẹ̀ sọ pé nígbà tí kíráǹkì, irin tí pístìnì ń yí, bá ti yí dígírì 106 kọjá ibi tí pístìnì kìíní ti dé òkè pátápátá ni fáàfù tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ṣí dé góńgó. Mo mú kí àmì jíà méjèèjì, ti kíráǹkì àti ti kámúṣáàfù, kojú ara wọn, mo de àwo onídígírì mọ́ imú kíráǹkì, mo sì gbé díà géèjì (aago tí ń wọn ìrìn kékeré) lé tàpẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí kámúṣáàfù ń tì sókè. Nígbà tí ó ku 0.050 íǹṣì kí tàpẹ́ẹ̀tì dé góńgó, àwo ka 72. Nígbà tí ó ti fi iye kan náà sọ̀ kalẹ̀, ó ka 148. Mo ro wọ́n pọ̀, mo pín in sí méjì, ó di 110. Ṣé kí n fi dígírì 4 sún un síwájú?

Ìdáhùn láti Ìbàdàn:
Ọ̀gá, Toyota ni èmi ń tún ṣe jù. Bí àmì bá ti bá àmì mu, a máa ń dé e ni, kò sì sí oníbàárà tí ó padà wá bá mi jà. Kí ni wàhálà yìí wà fún?

Ìdáhùn láti Atlanta:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ẹ sọ nípa ẹ́ńjìnnì tí ohun gbogbo inú rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ kan náà wá. Ti Houston yìí kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó gé kámúṣáàfù yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe jíà, àṣìṣe kékeré ọwọ́ ẹnì kìíní sì lè gun orí ti ẹnì kejì. Bí ó bá jẹ́ 110 ni lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì náà yóò wúwo nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, agbára rẹ̀ yóò sì sún sókè síbi eré gíga. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan jíà. Báwo ni ẹ ṣe mọ òkè pístìnì?

Olùbéèrè:
Díà géèjì ni mo fi wò ó, ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dúró.

Ìdáhùn láti Atlanta:
Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí. Bí pístìnì bá dé òkè, kíráǹkì a máa yí dígírì bíi mélòó kan kí ojú tó rí i pé pístìnì mira. Ẹ fi irin ìdádúró, tí kò ní jẹ́ kí pístìnì dé òkè, sí ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ rọra fi sípánà yí kíráǹkì títí pístìnì yóò fi kàn án, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ sì yí i padà sí apá kejì títí yóò fi tún kàn án. Àárín nọ́ńbà méjèèjì ni òkè tòótọ́. Ẹ má ṣe fi sítátà yí i rárá. Tí ẹ bá sì fẹ́ wọn kámúṣáàfù, apá tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí nìkan ni kí ẹ máa yí i sí, nítorí bí ṣéènì tí ó so jíà méjèèjì pọ̀ bá dẹ̀, a máa tan ènìyàn.

Olùbéèrè:
Ó ka 27 ṣáájú òkè, ó sì ka 33 lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 6, ìdajì rẹ̀ ni 3: dígírì 3 ni àwo mi fi ṣìnà! 110 mi, 107 ni.

Ìdáhùn láti Atlanta:
Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dígírì kan kò tó ohun tí a ń tú ẹ́ńjìnnì sí. Ohun tí ó kù ni àlàfo àárín fáàfù àti pístìnì. Fáàfù ìgbàwọlé a máa súnmọ́ pístìnì jù ní nǹkan bíi dígírì 10 lẹ́yìn òkè, ti èéfín ní nǹkan bíi 10 ṣáájú rẹ̀. Èmi kì í gbà kí ó dín sí 0.080 íǹṣì fún ti àkọ́kọ́, tàbí 0.100 fún èkejì. Ẹ fi amọ̀ ìṣeré ọmọdé sórí pístìnì, ẹ dé orí ẹ́ńjìnnì, ẹ yí i ní ìgbà méjì, kí ẹ sì gé amọ̀ náà wọn nínípọn rẹ̀.

Ìdáhùn láti Ìbàdàn:
Kí ẹ fi epo díẹ̀ pa ojú fáàfù o, kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ni èmi náà mọ̀ níbẹ̀.