Pátákó inú ilẹ̀kùn Ìjàpá mi kò bá ihò mu, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin àgbà ọlọ́kọ̀ àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpá Volkswagen ọdún 1976 ni mò ń tún inú rẹ̀ ṣe ní Súrùlérè. Ayédèrú ni pátákó ilẹ̀kùn tí mo rà ní Ládípọ̀. Ó ń dán lójú, àfìgbà tí mo gbé e lé ilẹ̀kùn! Àwọn ihò kílíìpù tó ń di pátákó mú mọ́ ilẹ̀kùn yẹ̀ kúrò lójú ti ilẹ̀kùn, ihò ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá tẹ iwájú wọlé, ẹ̀yìn á ta jáde.

Ẹni tó ń rán àga mọ́tò fún mi ní ká kúkú fi ìṣó onírin dè é. Èmi ò ní lu ihò sára ilẹ̀kùn yẹn láéláé.

Pátákó àtijọ́ ti wú nísàlẹ̀, òjò ló bà á jẹ́ nígbà tí ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ ya, àmọ́ àwọn ihò rẹ̀ ṣì pé. Ṣé mo lè fi ṣe àwòṣe, kí n gé pátákó tín-ínrín mìíràn, kí n sì bó awọ ti tuntun yìí lé e? Irú pátákó wo ni kì í tètè mu omi? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe é rí?